Ohun Títa ni Òrofó, Kì í Ṣe Ohun Títà

Èmi, Títílọlá Olúfúnkẹ́ Oyèlékè, opó Gabriel Oyèlékè, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni mo ń fi ìwé yìí sọ bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ohun ìní mi lẹ́yìn ikú mi. Mo fagi lé ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ojú mi ríran, etí mi gbọ́ràn, orí mi sì pé.

Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí í kọ irú ìwé yìí tí kì í sọ pé orí òun pé. Tèmi ní ẹ̀rí. Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, Daniel àkọ́bí mi fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò ni. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà kò tilẹ̀ mú ohun èlò ẹ̀jẹ̀ ríru jáde. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni a wà. Ó ní kí n máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún títí yóò fi tán. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí wọ́n gbé mi wá ṣe. Mo ń yọ méje títí ó fi ku méjì, mo wá sọ fún un pé, "Dókítà, kò lè tán o. Ẹ má fi ìṣirò tí kò pé dán arúgbó wò." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ mi. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ lọ́yà. Kí ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn.

Ohun tí wọ́n fi ń sọ pé orí mi ti dàrú ni pé mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkòyí-Ilé nítorí jìtá àtijọ́ kan. Òótọ́ ni. Mo gùn ún lọ, mo sì gbé jìtá náà bọ̀. Gbogbo bó ṣe jẹ́ wà nísàlẹ̀ yìí.

1. Mo yan Olúwatómisìn ọmọbìnrin mi, àti Lọ́yà Olúwadámiláre Akínlàbí, láti ṣe alámòójútó ìwé yìí.

Tómisìn, mo mọ̀ pé o kò fẹ́ràn ìjà. Ìdí tí mo fi yàn ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìjà, bí wọ́n bá ti tì í débi tí yóò jà, kì í ṣíwọ́ bọ̀rọ̀.

2. Ilé tí mo ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí èmi àti Gabriel jọ kọ́, mo fi í fún Daniel àti Tómisìn, kí àwọn méjèèjì ní in lọ́gbọọgba. Yàrá tó kọjú sí títì kò gbọdọ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni kí àwọn jìtá máa wà, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á máa rí àyè jókòó sí.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí ẹ mọ irú jìtá tí mò ń wí.

Ní ọdún 1966, káfíńtà kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, Elijah Adéríbigbé lorúkọ rẹ̀. Míṣọ́nnárì kan, ará Amẹ́ríkà, gbé jìtá tó fọ́ wá fún un láti tún ṣe. Elijah tú u palẹ̀, ó wo inú rẹ̀ dáadáa, ó tò ó padà, ó sì dá a padà fún olóhun. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tirẹ̀. Kò ṣe àwòkọ ti òyìnbó. Igi arère ló fi ṣe àyà rẹ̀, igi ọmọ̀ ló fi ṣe ẹ̀yìn àti ìhà, ó fi igi apá ṣe ọrùn. Ihò rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan róbótó láàárín. Méjì ni, wọ́n rí ṣóńṣó bí ewé, ọ̀kan lápá ọ̀tún okùn, ọ̀kan lápá òsì. Ó gbẹ́ orí rẹ̀ bí orí ẹyẹ tó na àgógó síta.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ta á. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà, ìsinmi ni mo wá lò lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Elijah. Bí mo ṣe fọwọ́ kan okùn, ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà ta gìrì dìde. Elijah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Eléyìí ò lè panu mọ́. Òrofó ni." Ẹ̀yin náà mọ ẹyẹ tí àwọn àgbà ní ẹnu rẹ̀ ló ń pa á. Orúkọ náà mọ́ gbogbo èyí tó gbẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà lórí. Kò sì gbẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1971 ẹ̀rọ ìlagi gé e níka, ó padà sídìí àga àti ibùsùn, kò gbẹ́ jìtá mọ́ títí ó fi kú.

Èmi àti Elijah fẹ́ra wa. Bàbá mi tó jẹ́ katikíìsì ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó ń ṣe ohun èlò fún àwọn ọ̀mùtí. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyá mi bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Elijah kò bínú lójú mi. Ó gbé Òrofó kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbé e lọ ilé ọkọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á lẹ́nu mọ́." Mo gbé e wọ ilé Gabriel pẹ̀lú àpótí aṣọ mi. N kò fi í pa mọ́, n kò sì parọ́ fún Gabriel nípa ẹni tó gbẹ́ ẹ.

3. Kẹ̀kẹ́ ológeere Gabriel, aago ọwọ́ rẹ̀ àti gbogbo ìwé rẹ̀, mo fi wọ́n fún Daniel.

Hẹ́dímáásítà ni Gabriel. Ó kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ìwé. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, ó máa ń fọ aṣọ ìlédìí wọn nígbà tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. N kò ní gba èyí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ilé ìwòsàn tí mo bí Tómisìn, ó gbé Òrofó mi jáde nílé. Mo dé tòun ti ọmọ lọ́wọ́, mo wo ìṣó tí mo máa ń gbé e kọ́, kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Mo ti sun ún. Ilé yìí ò lè gba èmi àti Elijah."

N kò pariwo. N kò kó ẹrù. Láti ọjọ́ yẹn, n kò kọrin nínú ilé Gabriel mọ́. Ní ilé ìwé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ lórin títí ohùn mi fi ń há. Bí mo bá ti wọlé, ó parí. Bí Gabriel bá ní kí n gbé orin fún àdúrà ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ka orin náà bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó yé e. Kò fi ẹnu rẹ̀ bẹ̀ mí rí, èmi náà kò sì fi ẹnu mi là á fún un. Báyìí la ṣe wà títí tí ikú fi mú un lọ ní ọdún 2015.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo pinnu pé bí Òrofó tèmi bá tilẹ̀ ti jóná, n óò wá àwọn yòókù rí. Àwọn kan ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n máa gbé ọmọ-ọmọ jó. Mo sọ fún wọn pé mo ti jókòó jẹ́ẹ́ tó.

4. Òrofó tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́wọ́ Àánúolúwapọ̀ ọmọ Elijah, kì í ṣe tèmi. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi kò gbọdọ̀ sọ pé mo ní ìpín nínú rẹ̀. Gbogbo irinṣẹ́ tí mo fi ń tún jìtá ṣe, mo fi wọ́n fún Àánúolúwapọ̀.

Páànù àti ìṣó ni Àánúolúwapọ̀ ń tà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí mo dárúkọ ara mi, ó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin ni Títílọlá tí ìyá wa kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ nínú ilé?" Mo ní èmi ni. Mo ní n kò wá gba nǹkan kan, mo kàn fẹ́ fojú rí i ni. Ó gbé àpótí ìjókòó fún mi. Orí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni jìtá náà wà, kò ní okùn kan ṣoṣo lórí. Okùn tuntun wà nínú báàgì mi. Mo so ó, mo yí i títí ohùn rẹ̀ fi bára mu, mo wá ta á. Àánúolúwapọ̀ bú sẹ́kún láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Bàbá ò fọwọ́ kàn án lójú wa." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ọmọbìnrin méjì.

5. Òrofó tí mo gbà ní Ìkòyí-Ilé, mo fi í fún Tómisìn. Àwọn ewúrẹ́ mi, àti èyí tó bá wà nínú oyún, kí ẹ kó wọn lọ fún Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá, àgbẹ̀, ní Ìkòyí-Ilé, tàbí fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àánúolúwapọ̀ ló gbọ́ pé ọ̀kan wà lọ́hùn-ún. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, mọ́tò kò fẹ́ wọ̀ ọ́, ìyẹn ló gbé mi dórí ọ̀kadà. Mo bá jìtá náà nínú àká Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá. Irúgbìn ẹ̀gúsí ló dà sínú rẹ̀ láti ojú ihò, ó ní eku kì í lè wọ ibẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló ń ta á nígbà ayé rẹ̀. Mo ní kí ó tà á fún mi. Ó mi orí. Ó ní, "Mi ò lè ta ohun àbúrò mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè mú un sọ̀rọ̀, ẹ máa gbé e lọ." Okùn méjì péré ló kù lórí rẹ̀, wọ́n sì ti dípẹtà. Mo da ẹ̀gúsí náà sínú igbá, mo jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo fi okùn méjì yẹn ta orin ìdúpẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀. Kí n tó dé ìparí ẹsẹ àkọ́kọ́, ó ti ń bá mi gbè é. Ó yọ fìlà rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ ló fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ di jìtá náà mọ́ mi lẹ́yìn bí ọmọ, ó ní kí ọlọ́kadà má sáré.

Bí èyí bá jẹ́ wèrè, kí Ọlọ́run fi kún un fún mi.

6. Fún Timothy, olórí akọrin àtijọ́ ní ìjọ Kátólíìkì kan ní Ọ̀yọ́ níbí, mo fi gbogbo okùn jìtá tí a bá bá nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Ọkùnrin yìí ní Òrofó kan, ó sì lé mi jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi páálí lẹ àyà rẹ̀ níbi tó ti là, ó sì ń so wáyà iná mọ́ ọn bí okùn. Mo sọ fún un pé ìwà ìkà ni. Ó ní kí n lọ bójú tó ti Áńgílíkà. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ó ń ta á lójoojúmọ́, kò sì tà á fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ kó okùn náà fún un, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi yọ wáyà yẹn dànù.

7. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn Òrofó mi tí a gbọdọ̀ tà, tàbí kí a fi ṣe ìdógò, tàbí kí a kó jáde ní orílẹ̀-èdè yìí. Daniel kò ní ìpín nínú wọn.

Daniel, mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan o pè mí lórí fóònù. O ní, "Mọ́mì, mo ti rí ẹni tí yóò bá wa ta jìtá yẹn." Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Mo rò pé ọmọ mi ti wá olórin fún mi. Mo pa àkùkọ mi tó tóbi jù, mo gún iyán, mo nu jìtá, mo yí okùn rẹ̀. O dé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ kóòtù. Ó jẹ iyán mi tán, ó nu ọwọ́, ó yọ téèpù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí bí ẹni ń wọn òkú fún pósí. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń kó jìtá àtijọ́ jọ yóò gbé e sínú gíláàsì. Mo bi í pé ta ni yóò máa ta á níbẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án mọ́ láé, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ó bàjẹ́. Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn, mo ní kí ó máa lọ. Ìwọ ní, "Mọ́mì, igi lásán ni o!" Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lo gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìwọ náà lo mú mi lọ la ojú mi nígbà tí n kò ríran mọ́, tí o sùn sórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù títí wọ́n fi tú aṣọ lójú mi. N kò gbàgbé. Ìfẹ́ tí mo ní sí ọ kò dín. Jìtá ni n kò fún ọ. Bí o bá fẹ́ wá jókòó gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ọ lọ́nà.

8. Òrofó tèmi fúnra mi, èyí tí Elijah gbé lé mi lọ́wọ́, mo fi í fún Ọmọ́wùnmí, ẹ̀gbọ́n Gabriel. Bí kò bá sí láyé mọ́ nígbà tí mo bá kú, kí ó di ti Tómisìn.

Kò jóná. Nígbà tí ariwo èmi àti Daniel gba àdúgbò, Ọmọ́wùnmí ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, kò lè dìde lórí ibùsùn. Ó ní, "Ìyàwó wa, sọ fún ẹnì kan kó gun òkè àjà." Wọ́n gbé ohun kan tí wọ́n fi ẹní wé sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n tó tú u ni mo ti rí àgógó ẹyẹ náà. Ọmọ́wùnmí ní, "Gabriel gbé e wá, ó ní kí n bá òun sun ún. Mo ní kí ló dé tí kò sun ún fúnra rẹ̀. Ó jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn, ó ń sunkún bí ọmọdé." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ìgbà yìí wá. Ó ní Gabriel mú òun búra. Ó ní, "Ẹni tó mú mi búra ti lọ. Èmi náà ti ń palẹ̀ mọ́."

Ẹ má rò pé ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ̀. Inú bí mi. Ilé Ọmọ́wùnmí wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń gba abẹ́ àjà yẹn kọjá. Gabriel sì ń gbà á kọjá pẹ̀lú mi, ó di apá mi mú, ó mọ ohun tó wà lókè. Mo ti dárí jì í, nítorí pé mo jẹ́ Kristẹni. Ṣùgbọ́n ẹkún tó sun níbẹ̀ kò dá ọdún tí mo fi panu mọ́ padà fún mi.

Mo gbé e lọ sílé lọ́sàn-án gangan. Mo jókòó sí pálọ̀ lábẹ́ fọ́tò Gabriel, mo ta á, mo sì kọrin. Mo kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ orin ìfẹ́, mo kọ èyí tí Elijah kọ́ mi. Àwọn ará ilé kejì bọ́ síta. Tómisìn tó wá kí mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ mọ orin kọ báyìí?" Ọmọ mi ni, mo bí i, mo tọ́ ọ, kò gbọ́ ohùn orin mi nílé rí.

Ọmọ́wùnmí kò mọ jìtá ta. Ìyẹn kò ṣe nǹkan. Òun ló pa á mọ́. Bí ó bá fẹ́, kó dá a padà sí àjà. Òun nìkan ni mo fún ní àṣẹ yẹn.

9. Kí ẹ má ṣe sin mí sí ẹ̀gbẹ́ Gabriel. Kí ẹ má sì ṣe gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo padà sọ́dọ̀ Elijah. Èmi kì í ṣe ẹrù tí ọkùnrin méjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìtẹ́ òkú ìjọ wa ní Ọ̀yọ́ ni kí ẹ sin mí sí, kí ẹ kọ orúkọ èmi nìkan síbẹ̀. Bí àlùfáà bá ní òun kò fẹ́ jìtá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ ta á níta, kí ó sì ròkè tó láti wọlé.

10. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé yìí lọ sí kóòtù láti yí i padà, kí ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Àánúolúwapọ̀.

Àfikún tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, kí a tó fọwọ́ sí ìwé yìí:

Àánúolúwapọ̀ pè mí láàárọ̀ yìí. Oníbàárà kan wá ra páànù lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí jìtá lára ògiri, ó ní irú rẹ̀ wà nílé bàbá òun àgbà ní Ìrẹsà-Adù, tòun ti àgógó ẹyẹ. Lọ́yà ní kí n sinmi. Dókítà ní kí n sinmi. Ọ̀la ni mò ń lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá kanlẹ̀kùn mi tí ẹ kò gbọ́ ohùn mi, kí ẹ má ṣe yára ṣí ìwé yìí. N kò tíì kú. Mo lọ sí Ìrẹsà-Adù ni.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ọdún 2024, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí ìwé yìí kò fún ní nǹkan kan, tí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi:

Títílọlá Olúfúnkẹ́ Oyèlékè

Ẹlẹ́rìí kìíní: Olúwaṣèyí Ògúnkúnlé, olùkọ́, Ọ̀yọ́
Ẹlẹ́rìí kejì: Ẹ̀yẹolúwa Oyètúnjí, nọ́ọ̀sì, Ògbómọ̀ṣọ́